Ìtàn Rọ́bà Ọ̀fun: Ta Ló Fọ̀ Ọ́, Kí Ló sì Fi Fọ̀ Ọ́?

 

Ìbéèrè kan ló fa èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Festac kọ̀wé sí mi pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún ọmọ òun ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí Trade Fair. Ó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá tuntun ni rọ́bà tí wọ́n máa kì bọ ọmọ náà lọ́fun. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì, a ti fọ̀ ọ́ dáadáa.” Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní, “Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n gbé ọmọ mi kúrò níbẹ̀ ni?”

Mo ní kó má tíì gbé e. Mo ní kó padà lọ béèrè ohun méjì péré: ta ló fọ̀ ọ́, kí ló sì fi fọ̀ ọ́? Ìdáhùn tó bá gbọ́ ni yóò sọ fún un bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e tán. Ìdí tí mo fi gbé gbogbo rẹ̀ lé orí fífọ̀ wà nínú ìtàn, ìtàn náà sì gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí fóònù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí wọ́n bá fi oògùn mú èèyàn sùn fún iṣẹ́ abẹ, oorun yẹn kì í ṣe irú èyí tí a ń sùn lálẹ́. Ahọ́n á rọ̀, á ṣubú sẹ́yìn, á sì dí ọ̀nà èémí. Ikọ́ tó máa ń lé ohun àjèjì jáde kúrò ní ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ la ọ̀nà náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa lo laryngoscope, irin títẹ̀ kan tó ní iná lórí, láti fi gbé ahọ́n kúrò lọ́nà kó lè rí gògóńgò. Ó lè ti túùbù gba ibẹ̀ kọjá sínú ọ̀nà atẹ́gùn. Ó sì lè lo laryngeal mask, èyí tí gbogbo tíátà ń pè ní LMA, rọ́bà tó ní nǹkan bí abọ́ kékeré lẹ́nu, tó máa ń jókòó lé gògóńgò lórí láìwọ inú rẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí máa jáde pẹ̀lú itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, nígbà míì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹlòmíì ti wà lórí tábìlì.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní Philadelphia, Earle Spaulding, ló pín irinṣẹ́ ìwòsàn sí ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn ọsibítù ṣì ń lò dòní. Ohun tó bá wọ inú ẹran ara tàbí inú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò àrùn kankan kò gbọdọ̀ wà láàyè lára rẹ̀. Ohun tó bá kan awọ ara lásán, kí ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́, ó tó. Ohun tó bá kan awọ rírọ̀ inú ẹnu, imú àti ọ̀fun wà láàárín méjèèjì: gbogbo kòkòrò gbọdọ̀ kú, àfi díẹ̀ nínú àwọn bakitéríà tó ti ká ara wọn sínú èèpo líle. Irinṣẹ́ èémí wà ní àárín yìí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn fún ẹni tó ti rẹ̀ láti rọra tì í sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí fífọ̀ lásán tó fún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ ki irin bọ èèyàn lẹ́nu. Wánzámì ilẹ̀ Hausa ti ń gé belúbelú, ẹran kékeré tó rọ̀ dirodiro lẹ́yìn ọ̀fun, láti ayébáyé, wọ́n sì ń gé e dòní. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti kọ̀wé púpọ̀ nípa àwọn ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ kò dá lẹ́nu wọn lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọn tí àrùn ti ara ọ̀bẹ náà wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀bẹ kan, ọ̀fun púpọ̀. Ìṣòro náà ti wà ká tó máa pè é ní ìṣòro ọsibítù.

Ní ti túùbù, oṣù Keje ọdún 1878 ni William Macewen, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ki túùbù irin gba ẹnu ọkùnrin kan tí kókó burúkú wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀, ó sì tì í sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà atẹ́gùn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá ń gé kókó náà. Ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kì í o! Ìka ni Macewen fi tọ́ ọ, torí kò sí laryngoscope bíi ti òde òní. Lẹ́yìn tí túùbù ti wọlé ni wọ́n tó fún un ní kulorofọ́ọ̀mù gba inú rẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí nípa Macewen ni pé ọ̀dọ̀ Joseph Lister ló ti kẹ́kọ̀ọ́, Lister tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi carbolic acid pa kòkòrò ojú egbò ní Glasgow ní 1865. Macewen tún lọ síwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi irin kan ṣoṣo rọ irinṣẹ́ òun, láìsí èèkù igi, láìsí èèkù eyín erin, kó lè ṣeé sè nínú omi híhó. Nígbà yẹn, èèkù tó ní ọnà lára ni ẹ̀ṣọ́ oníṣẹ́ abẹ. Macewen rí i pé ibi tí ọnà wà ni ìdọ̀tí máa ń sápamọ́ sí. Ọdún kan lẹ́yìn túùbù rẹ̀, ní 1879, Charles Chamberland, tó ń bá Pasteur ṣiṣẹ́ ní Paris, ṣe ìkòkò onídèérí líle tó ń fi ooru omi lábẹ́ agbára pa kòkòrò. Òun ni autoclave. Ìlànà rẹ̀ kò yí púpọ̀ títí dòní: ìwọ̀n 121 lórí Celsius fún ìṣẹ́jú 15, tàbí 134 fún ìṣẹ́jú 3.

Nítorí náà, ká ní irin ni gbogbo rẹ̀ dúró sí, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí ní 1879. Rọ́bà ló bà á jẹ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tí ìbọn ti fọ́ lójú àti lágbọ̀n lọ sí Sidcup ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Harold Gillies ti ń tún ojú wọn ṣe. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi ìbòjú oògùn bo ojú tí dókítà ń gé lọ́wọ́? Ivan Magill àti Stanley Rowbotham bá fi túùbù rọ́bà gba ẹnu tàbí imú wọlé. Rọ́bà pupa yìí rọ̀, ó tẹ̀ bí ọ̀fun ṣe tẹ̀, kò sì gún èèyàn bíi ti irin. Gbogbo ayé gbà á. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti fi rọ́bà ìdérí ìgò sínú omi gbígbóná léraléra mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i: á lẹ̀, á sán, títẹ̀ rẹ̀ á sọnù. Bí àwọn tíátà ṣe pa síse tì nìyẹn, tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú oògùn. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ iná, tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń fọ nǹkan. Nígbà tí UCH Ìbàdàn ṣílẹ̀kùn ní 1957, ayé rọ́bà pupa ni ayé ṣì wà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ ni Jos, ní 1969.

Nínú oṣù Kìíní ọdún yẹn, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, ṣàìsàn ní abúlé Lassa, ní àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ wa. Egbò kún ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá sí ilé ìwòsàn míṣọ́n ní Jos, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ lóru, Charlotte Shaw, fi aṣọ gọ́ọ̀sì wé ìka, ó fi nu omi àti ẹ̀jẹ̀ kúrò lẹ́nu aláìsàn náà. Wọ́n ní ẹ̀gún òdòdó rose ti gún un níka lọ́jọ́ yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun náà fi kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, ṣàìsàn pẹ̀lú, àmọ́ wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Lára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní Lassa lónìí. Ní 1970, nígbà tí àrùn náà tún jà ní Jos, Dókítà Jeanette Troup fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ níbi tó ti ń yẹ òkú wò. Òun náà kú.

Kò sí túùbù nínú ìtàn yìí, kò sí laryngoscope. Ìka àti gọ́ọ̀sì ni. Síbẹ̀ mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa irinṣẹ́ èémí, torí ó fi ohun tó wà nínú ẹnu hàn wá. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ kọ́kọ́ wà nínú ewu ni ẹni tó ń nu ẹnu, tó ń fọ ohun tó ti ẹnu jáde. Bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn gan-an ni owó oṣù rẹ̀ máa ń kéré jù, tí kì í sì í sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan.

Ní 1976, ní Yambuku ní ilẹ̀ Congo tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, Ebola jà láti ilé ìwòsàn míṣọ́n kan tí wọ́n ti máa ń kó abẹ́rẹ́ márùn-ún péré sílẹ̀ láràárọ̀ fún gbogbo aláìsàn ọjọ́ náà. Èèyàn 318 ló kó o, 280 kú. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò burú lọ́kàn. Abẹ́rẹ́ márùn-ún ni wọ́n ní.

Ó wá di 1977, ọdún tí gbogbo ayé wá sí àdúgbò tí mò ń sọ yìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ni FESTAC, ìjọba ológun sì ti kọ́ odindi ìlú sílẹ̀ fún àwọn àlejò. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n ṣí ọgbà Trade Fair lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, èyí tí ilé-iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia kọ́, tí Zoran Bojović sì ya àwòrán rẹ̀. Owó epo wà. Ọjà ayé ń wọlé débi pé ní ọdún méjì ṣáájú, ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì ti to lọ bẹẹrẹ níwájú èbúté Àpápá, wọn ò rí ibi já ẹrù sí.

Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ike ti bá rọ́bà pupa jà, tó sì borí. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti ń ṣe túùbù oníke: wọ́n á ti pa kòkòrò ara rẹ̀ ní fákítọ́rì, wọ́n á dì í sínú bébà, dókítà á já a, á lò ó, á sọ ọ́ nù. Lára páálí rẹ̀ lónìí, ẹ ó rí nọ́ńbà 2 tí wọ́n fa ìlà là kọjá nínú àmì róbótó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìlérí ńlá ni ike yìí jẹ́. Ó ní ẹni tó ń fọ nǹkan kò wúlò mọ́, ọṣẹ kò wúlò mọ́, omi kò wúlò mọ́. Owó nìkan ló kù.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, nígbà tí àwọn ológun tún gba ìjọba, Ọ̀gágun Sani Abacha sọ lórí rédíò pé àwọn ọsibítù wa ti di ibi tí wọ́n kàn ti ń gba ìmọ̀ràn lásán: kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí ẹ̀rọ. Bí a bá ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn, oògùn la sábà máa ń rántí. Èmi, omi tó wà láàárín ló máa ń dá mi dúró. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. SAP dé ní 1986. Kí 1987 tó parí, ó ti ju náírà mẹ́rin lọ sí dọ́là kan, nígbà tó fi di 1993, ó ti tó 22. Túùbù tí wọ́n ṣe pé ká sọ nù wá di ohun tí a ń fọ̀, tí a ń rẹ, tí a ń sá sórí tọ́wẹ́ẹ̀lì kó gbẹ.

Ohun tó burú níbẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Rọ́bà pupa, ìyà fífọ̀ wà nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, ẹni tó ṣe é mọ̀ pé a óò fọ̀ ọ́. Túùbù oníke kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sínú autoclave, á wọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú oògùn, ike náà lè mu oògùn sára, kó sì máa tú u díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀fun ẹni tó kàn. Báálú kékeré tó wà nídìí rẹ̀ á di aláìlágbára, ó lè jò láàárín iṣẹ́ abẹ. A wá gbé ohun tí kò ṣeé fọ̀ fún àwọn tí kò ní omi. Mi ò bá dókítà kankan jà lórí èyí. Ẹni tí aláìsàn wà níwájú rẹ̀, tí túùbù tuntun kò sí, kò lè sọ pé kí aláìsàn má mí. Àwọn tó jókòó sídìí owó ni mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́ kí iye tó ná wa tó hàn sí gbangba, àmọ́ ó hàn. Ní 1989, Lassa jà ní àwọn ilé ìwòsàn ní Ìpínlẹ̀ Imo. Àwọn olùwádìí tó lọ síbẹ̀ ka èèyàn 34 tó kó o, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 1995: 22 kú. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà, oníṣẹ́ abẹ méjì àti dókítà kan wà lára àwọn tó kó o. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi gún ẹnì kan dé ẹnì kejì ló tan án láàárín àwọn aláìsàn, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ọdún kẹta SAP ni.

Ọ̀nà àbáyọ tí ayé fún wa ní àkókò yẹn ni báákẹ́ẹ̀tì. HIV ti dé, gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wá sí Áfíríkà ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n kọ́kọ́ ju gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n bá lò tán sínú omi kulorínì ìwọ̀n 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú oorun: ife Jik kan sí ife omi mẹ́fà, bí Jik náà bá jẹ́ 3.5. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n fẹ́ dáàbò bo ẹni tó ń fọ nǹkan, ẹni tí mo ní a kì í rántí yẹn.

Àmọ́ kulorínì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ bá pàdé ló ń jà pẹ̀lú. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nínú báákẹ́ẹ̀tì, agbára rẹ̀ ti tán lórí wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Ó tún ń jẹ irin. Ẹ wo laryngoscope tó ti pẹ́ nínú rẹ̀, ẹ ó rí ihò wínníwínní lára irin náà, ihò wọ̀nyẹn sì di ilé tuntun fún ìdọ̀tí. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ńlá jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé kí ẹ má rẹ irinṣẹ́ sínú kulorínì ṣáájú fífọ̀ mọ́. Ọṣẹ àti omi ni kó ṣáájú, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, épúrọ́ọ̀nù àti ìbòjú. Ìwé ti yí o. Ní ibi púpọ̀, báákẹ́ẹ̀tì kò tíì yí.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nílé díẹ̀, torí àwọn kan nínú yín máa ń rò pé tálákà nìkan ni ọ̀rọ̀ fífọ̀ ń yọ lẹ́nu. Ní 1996, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ó jọ pé àrùn màlúù wèrè ti wọ inú ènìyàn. Ohun tó ń fa àrùn náà kì í ṣe bakitéríà, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Purotéènì tó ti yí padà sódì ni, ooru tó ń pa kòkòrò kì í tó o, ó sì máa ń wà nínú àwọn ẹran ọ̀fun tí wọ́n ń gé fún àwọn ọmọdé. Ẹ̀rù ba wọn, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Nínú oṣù Kìíní 2001, wọ́n pàṣẹ ní England pé irinṣẹ́ tí wọ́n á lò lẹ́ẹ̀kan sọ nù ni kí wọ́n máa fi gé ẹran ọ̀fun. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn irinṣẹ́ tuntun náà kò dára tó ti àtijọ́, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n ti padà sí irinṣẹ́ fífọ̀.

Láàárín àkókò yẹn, àwọn dókítà ibẹ̀ mú LMA tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti gbé gba inú autoclave, tí wọ́n ní ó ti ṣetán fún aláìsàn. Wọ́n ta àwọ̀ pupa kan sí i tó máa ń fi purotéènì hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló pọ́n. Ìdọ̀tí ọ̀fun àwọn tó ti lọ sílé ṣì wà níbẹ̀, ooru ti sè é mọ́ ara rọ́bà. Irú àyẹ̀wò kan náà lórí laryngoscope ní àwọn ibòmíì ti rí ẹ̀jẹ̀ lára irin àti lára èèkù tí wọ́n ti kó sílẹ̀ fún lílò. Èèkù ni kò sẹ́ni tó máa ń rántí. Bẹ́ẹ̀, bí dókítà bá lò ó tán tó ká a, ẹnu irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀fun jáde á fara kan èèkù náà. Macewen ì bá ti rí i.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ooru kì í fọ nǹkan, oògùn kì í fọ nǹkan. Ohun tó bá dọ̀tí tí ẹ gbé sínú autoclave, ohun ìdọ̀tí tí ẹ sè ni. Bí a ṣe ń fọ ìkòkò ọbẹ̀ ilá ni: kí ó tó gbẹ mọ́ ọn lára ni ká ti da omi sí i. Irinṣẹ́ ń jáde lẹ́nu aláìsàn, kí wọ́n nù ún lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì gígùn tó lè wọ inú túùbù LMA láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìṣàn omi púpọ̀, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ iná. Ìgbà yẹn ni autoclave tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún LMA, wọ́n gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ àti omi inú báálú rẹ̀ jáde pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bẹ́ nínú ooru. Ohun tí kò lè fara da ooru ni kí wọ́n rẹ sínú glutaraldehyde ìwọ̀n 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, yàrá náà sì gbọ́dọ̀ ní atẹ́gùn, torí èéfín rẹ̀ máa ń ta ojú, ó sì lè fa ikọ́ fée fún òṣìṣẹ́. Kí wọ́n ṣàn án lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún ṣàn án. Èyí tó bá kù lára rẹ̀ lè bó ọ̀fun ẹni tó kàn.

Ẹ kíyè sí i pé omi ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, omi púpọ̀, omi tó mọ́. Wọ́n ri páìpù omi àti páìpù ìdọ̀tí mọ́ ilẹ̀ Festac kí àwọn àlejò 1977 tó dé. Lónìí, kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé ní Festac àti Amuwo-Odofin gbójú lé, tàbí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà. Irin sì pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ etí òkun Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ funfun níbẹ̀ ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń mú irinṣẹ́ dípẹtà, ó sì ń sọ autoclave di aláìsàn. Nígbà tí dókítà kan tó fẹ́ dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ bá bi mí pé ẹ̀rọ wo ni kí òun kọ́kọ́ rà, mo máa ń ní kó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Wọ́n máa ń rò pé mò ń ṣàwàdà. Lẹ́yìn ìyẹn ni gásíkẹ́ẹ̀tì ẹnu autoclave, torí bí rọ́bà yẹn bá ti jẹ, ooru á máa jò, ẹ̀rọ á máa tan iná tán láìpa nǹkan kan. Ní ASPAMDA nínú Trade Fair, àwọn ará wa máa ń ní gásíkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì nílẹ̀. Ti autoclave ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi béèrè.

Ní oṣù Keje 2014, Ebola wọ Èkó, Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera míì fi ẹ̀mí dí i kó má tàn. Fún oṣù díẹ̀, ìgò omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu gbogbo ọ́fíìsì. Ní 2020, Kòrónà tún mú wọn padà. Méjèèjì kọjá, ìgò ọṣẹ sì bá wọn lọ.

Nípa LMA, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn. Archie Brain, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1981, ó sì dé ọjà ní 1988. Sílíkónì ló fi ṣe é, ó ń fara da ìwọ̀n 134 nínú autoclave. Ogójì ìgbà ni wọ́n ní kí ẹ lò ó, kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Nínú páálí rẹ̀, káàdì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n máa ń sàmì sí nígbàkúgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, kí ogójì má bàa kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòsàn nínú yín, mo fẹ́ kí ẹ lọ wá káàdì yẹn jáde láti inú dúrọ́ọ̀ tó wà. Bí kò bá sí mọ́, ẹ gé páálí, kí ẹ kọ nọ́ńbà LMA sí i, kí ẹni tó fọ̀ ọ́ fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ tó bá wá béèrè, káàdì ni kí ẹ fi hàn án.

Mo sì ń kó ìrántí àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tíátà tó ti fẹ̀yìn tì jọ, pàápàá àwọn tó ṣiṣẹ́ láàárín 1970 sí 1990. Ẹ sọ fún mi irú ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ rọ́bà pupa, ibi tí ẹ ń sá a sí, àti ìgbà tí túùbù oníke àkọ́kọ́ dé ọwọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, màá tún un kọ fúnra mi.